Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí: báwo la ṣe ń mọ àríyànjiyàn tó wọ́?

Ọmọ Akóbọ̀
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ládùúgbò wa ní Akóbọ̀, bàbá onílé kan fi ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ yá ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù kan, wọ́n sì ri máàsì síbẹ̀. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í jà ràn-ìn pé máàsì ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n ń ka orúkọ àwọn tó ti mú: ìyá tó ń ta ẹ̀kọ níwájú ilé wa, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì, mẹkáníìkì tó wà ní ìkóríta.

Ní ìpàdé àdúgbò, mo nawọ́ sókè, mo ní ṣé a lè béèrè bóyá àwọn èèyàn yìí ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò rí kí máàsì tó dé. Akọ̀wé ní, "Ayálégbé ni ẹ́, ta ló pè ẹ́ sọ́rọ̀ àwọn onílé?" Ẹlòmíì ní, "Ṣé ohun tó ń sọ ni pé kí gbogbo wa máa kú lọ?" Alága wá fi tiẹ̀ kádìí: "Ẹni tí ò bá fẹ́ ká wú máàsì yìí, ẹ̀yìn ilé-iṣẹ́ ló wà." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Mo jókòó.

Mo mọ̀ pé nǹkan kan wọ́ nínú gbogbo ẹ̀, àmọ́ kí n tó ronú kan ibẹ̀, wọ́n ti gbàdúrà ìparí. Ìpàdé míì ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́.

Tíṣà Mápó
Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. "Ìjà ìgboro làrùn Ìbàdàn" ni oríkì wa wí, kò yẹ kó yà ẹ́ lẹ́nu pé ìpàdé onílé gbóná. Mo bójú tó ẹgbẹ́ dìbéètì ilé-ìwé fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí èyí tó jẹ́ tuntun nínú ohun tí wọ́n sọ sí ẹ. Aristotle, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Gíríìkì, ti to irú àṣìrò bẹ́ẹ̀, ìyẹn ìrònú tó wọ́, 13 sílẹ̀, ó ti lé ní 2,300 ọdún báyìí, àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ sì ń fi kún un títí dòní.

Akọ̀wé fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ó gbá ẹni tó sọ ọ́ mú. Ká ní onílé mẹ́ta ni ẹ́, ṣé ìdáhùn ìbéèrè ẹ á yí padà? Ẹnì kejì gbé ọ̀rọ̀ tó ò sọ sí ẹ lẹ́nu, ó wá ń bá ìyẹn jà torí pé ìyẹn rọrùn láti dá. Ta ló máa ní òun fẹ́ kí àdúgbò kú? Alága ní tiẹ̀ dí gbogbo ọ̀nà, ó ṣẹ́ méjì péré kù: wú máàsì, tàbí kó o di ọ̀tá. Bẹ́ẹ̀, èèyàn lè fẹ́ kí wọ́n sún un sẹ́yìn. Ó lè má tíì pinnu rárá.

Àmọ́ gbòǹgbò ibẹ̀ ni èyí tí kò sẹ́ni tó já: máàsì dé, àìsàn tẹ̀ lé e, nítorí náà máàsì ló fà á. Àwọn baba wa ti fi òwe tì í: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ohun méjì tẹ̀ léra, ó tán, a ti mú apànìyàn.

Ẹlẹ́nu Ṣóńṣó
Tíṣà, ẹ ṣeun sà, àmọ́ ẹ má bínú, èmi ò gbà. Òwe tí àwọn baba wa fi ń ṣèdájọ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ lẹ wá sọ di àpẹẹrẹ àìmọ̀kan. Ṣé àwọn baba wa ò gbọ́n ni? Bí ò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Odindi àdúgbò ò lè máa pariwo lásán.

Tó bá sì jẹ́ ti sáyẹ́ǹsì lẹ fẹ́, IARC, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, ti ka ìtànṣán rédíò mọ́ ohun tó lè fa jẹjẹrẹ láti oṣù karùn-ún 2011. Ẹ lọ wò ó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé lẹ máa ń ní kò sí nǹkan kan, títí á fi di nǹkan.

Tíṣà Mápó
Ẹlẹ́nu, o ṣe é lójú wa kòrókòró! Ibo ni mo ti sọ pé àwọn baba wa ò gbọ́n? Òwe yẹn, ìbéèrè ló fi parí, mo sì rò pé ẹ̀fẹ̀ wà lẹ́nu ẹni tó kọ́kọ́ pa á.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, òwe kan ò sí tí kò ní òmíràn tó ń takò ó. Tí mo bá fẹ́ kí ọmọdé dákẹ́, màá ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, ọmọdé ò lè rí i lórí ìdúró. Tí ọmọdé náà bá lẹ́nu, á ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Èwo ló jẹ́ ẹ̀rí nínú méjèèjì? Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, ẹṣin kọ́ ni ẹrù. Kúmólú tó o gùn wá yẹn, sọ ẹrù orí ẹ̀ kalẹ̀ ká wò ó.

Ọ̀rọ̀ IARC yẹn ní tiẹ̀, ẹrù gidi ni. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìlera ló yẹ kó gbà á. Nọ́ọ̀sì wa dà?

Nọ́ọ̀sì Yemẹ́tù
Ẹ káàárọ̀ o. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ti ń bọ̀, ẹ fara dà á tí ọ̀rọ̀ mi bá gùn.

Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dun èèyàn níbì kankan. Ẹlòmíì á ti ní in fún ọ̀pọ̀ ọdún, á máa lọ sóko, á máa bọ̀. Iye tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2021 ni pé 1.28 bílíọ̀nù àgbàlagbà tó wà láàrin ọdún 30 sí 79 ló ní in lágbàáyé, nínú ọgọ́rùn-ún wọn, 46 ò mọ̀ rárá. Ìbéèrè tí Ọmọ Akóbọ̀ béèrè yẹn gan-an ni ìbéèrè. Ta ló yẹ̀ wọ́n wò, ìgbà wo sì ni? Ẹ gbé ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ lọ sí àdúgbò tí kò ní máàsì, ẹ tẹ́ tábìlì síta láti àárọ̀ dọ̀sán, ẹ máa rí ẹlẹ́jẹ̀ ríru níbẹ̀ náà.

Ṣé ẹ rántí oṣù kẹjọ 2014? Ebola ti wọ Èkó ní oṣù tó ṣáájú. Lóru ọjọ́ kan, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún káàkiri: ẹ fi omi iyọ̀ wẹ̀, ẹ mu lára ẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn ìyá jí ọmọ kékeré lójú oorun, wọ́n da omi iyọ̀ lé e lórí. Àwọn kan mu iyọ̀ débi tí wọ́n fi dèrò ọsibítù, a sì gbọ́ pé ó pa àwọn kan. Títí dòní ni mo ń pàdé àwọn tó wẹ̀ ẹ́ nínú Ìbàdàn tí wọ́n ń sọ pé òun ló yọ àwọn. Mo máa ń bi wọ́n pé: àwọn tí kò wẹ̀ ń kọ́? Torí pé Ebola ò mú ẹnikẹ́ni ní Ìbàdàn, ì báà jẹ́ ẹni tó wẹ̀ tàbí ẹni tó sùn dọ́jọ́. Èkó àti Port Harcourt ló dé. Èèyàn 20 ló mú, 8 kú, nígbà tó sì di ogúnjọ́ oṣù kẹwàá ọdún yẹn, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ohun tó lé e lọ ni pé wọ́n wá nǹkan bí 900 èèyàn tó ti rìn mọ́ àwọn aláìsàn yẹn kàn, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn lójoojúmọ́. Iyọ̀ ò bá wọn dá sí i.

Nítorí náà, tí ẹnì kan bá ní nǹkan báyìí ló fa nǹkan báyìí, àwọn tí nǹkan ọ̀hún ò kàn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìtàn ti máa ń tú.

Ti IARC: ohun tí Ẹlẹ́nu sọ rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìdajì ẹ̀ ló sọ. Ìpele 2B ni wọ́n fi ìtànṣán rédíò sí, ìyẹn ni pé ó ṣeé ṣe, ẹ̀rí ò tíì tó. Omi tí wọ́n fún lára odindi ewé aloe vera wà ní ìpele yẹn náà. Jẹjẹrẹ sì ni àwọn yẹn ń sọ. Ẹ ò lè gbé ìwé tí wọ́n kọ nípa jẹjẹrẹ wá ṣe ẹ̀rí ẹ̀jẹ̀ ríru torí pé orúkọ àjọ ńlá wà lórí ẹ̀.

Ọmọ Akóbọ̀
Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun mà. Àfi bíi pé ẹ wà níbẹ̀! Ṣọ́ọ̀ṣì kan ló ṣe àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ ládùúgbò wa lẹ́yìn Àjíǹde, máàsì sì ti wà nílẹ̀ nígbà yẹn. Mo yà sọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́kọ láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní ọjọ́ yẹn nìgbà àkọ́kọ́ láyé àwọn tí ẹnikẹ́ni máa so rọ́bà yẹn mọ́ àwọn lápá.

Dèrébà Ìwó Road
😂😂 Ẹ wá gbọ́ tiwa ní gáréèjì. Ọ̀gá mi kan wà tí kì í pààrọ̀ táyà àfi tó bá ti ń rí wáyà. Ó ní láti ìgbà tóun ti ń wakọ̀ Ìbàdàn sí Èkó, táyà ò bẹ́ mọ́ òun nídìí rí, pé ẹnu àwọn tó ń ta táyà ni gbogbo ẹ̀. Mo ní ọ̀gá, àwọn tó bẹ́ mọ́ nídìí ò sí ní gáréèjì mọ́ kí wọ́n wá sọ tiwọn.

Ó bú mi o. Ó ní ọmọ àná ni mí.

Tíṣà Mápó
Dèrébà, ọ̀rọ̀ ńlá lo sọ yẹn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà fẹ́ mọ ibi tó yẹ kí wọ́n fi irin kún lára ọkọ̀ òfuurufú wọn. Ìtàn tí a máa ń sọ fún àwọn ọmọ dìbéètì ni pé ibi tí ihò ọta pọ̀ sí lára ọkọ̀ tó padà délé ni wọ́n ń wò. Onímọ̀ ìṣirò kan tó ń jẹ́ Abraham Wald ló ní kí wọ́n ronú kan àwọn ọkọ̀ tí kò padà wá: ibi tí ihò ò sí lára èyí tó délé, ibẹ̀ ni ọta ti bà àwọn tó já. Ìwọ àti Wald, ẹgbẹ́ ni yín. Má dá ọ̀gá ẹ lóhùn.

Ìyá Aláṣọ Gbági
Ẹ kú àríyànjiyàn o. Èmi ò mọ Aristotle, àmọ́ oníbàárà mi kan ń bẹ tó ní ọmọ Ìbàdàn kì í kọ àmàlà. Mo ní èmi rèé, Òkè-Bọ́lá ni wọ́n bí mi sí, ilé bàbá mi wà ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun, àmàlà ò sì wù mí jẹ. Ó wò mí tìkà-tẹ̀gbin, ó ní, "Ọmọ Ìbàdàn *gidi* ni mo ń sọ, mà."

Báwo lèèyàn ṣe ń bá irú ìyẹn jiyàn?

Ẹ má jẹ́ n tàn yín o, èmi náà ní tèmi. "Òun ni gbogbo wọn ń rà báyìí" ni mo fi ń ta aṣọ tó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó sì ń tà.

Tíṣà Mápó
Ìyá wa, ẹ ò lè bá a jiyàn, torí pé ó ń sún ààlà bí ẹ ṣe ń sún mọ́ ọn. Èèyàn tó bá ti kọ àmàlà, lójú ẹsẹ̀ ni kì í ṣe gidi mọ́. Antony Flew, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ̀rọ̀ lórí irú ẹ̀ ní 1975, ará Scotland ló fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ bi oníbàárà yín kó tó sọ̀rọ̀ pé kí ló ń sọ èèyàn di gidi. Tó bá ti dáhùn, kò ní lè sún un mọ́.

Ẹ dín owó aṣọ yẹn fún wọn o.

Lọ́yà Ìyágankú
Mo fẹ́ fi nǹkan kan kún ti Tíṣà, torí pé àwọn ọ̀dọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ki àṣejù bọ̀ ọ́. Wọ́n á ní èèyàn ò gbọdọ̀ béèrè irú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ rárá. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní kóòtù. Tí ẹlẹ́rìí bá ní ojú òun báyìí ló ṣe, mo láṣẹ láti bi í bóyá ó jẹ olùjẹ́jọ́ lówó, bóyá wọ́n jọ ń jà lórí ilẹ̀, torí pé ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ nìkan la gbára lé. Ẹ wá wo bàbá tó fi ilẹ̀ yá ilé-iṣẹ́ yìí. Owó ń wọlé fún un lórí ẹ̀. Tó bá dìde tó ní, "Mo fi ọkàn yín balẹ̀, kò léwu," ó tọ́ kẹ́ ẹ rántí owó yẹn. Àmọ́ tó bá mú ìwé àyẹ̀wò jáde tó ní ẹ gbà, ẹ kà á, owó tó ń gbà ò lè sọ ohun tó wà nínú ìwé di irọ́. Ìwé yẹn lẹ máa bá jà. Mo ti rí ẹjọ́ tó ṣubú torí pé agbẹjọ́rò bú ẹlẹ́rìí títí, kò rántí dáhùn ìwé tí ẹlẹ́rìí mú wá.

Lẹ́yìn náà, ta ló yẹ kó mú ẹ̀rí wá? Abala 131 nínú Òfin Ẹ̀rí ti Nàìjíríà, 2011, sọ pé ẹni tó bá fẹ́ kí kóòtù dá òun láre lórí ohun tóun sọ, òun ló máa fi hàn pé ohun náà rí bẹ́ẹ̀. Ìpàdé àdúgbò kì í ṣe kóòtù, àmọ́ ọgbọ́n ibẹ̀ kan náà ni. Ọmọ Akóbọ̀, mo mọ̀ pé ní Sátidé wọ́n á ní kó o wá fi hàn pé máàsì *ò* léwu. Má gbé e. Ìwọ ò sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹlẹ́nu Ṣóńṣó
Mo ti gbọ́ gbogbo yín. Ṣé máàsì á wá dúró síbẹ̀ nìyẹn? Ẹ ti fi ọgbọ́n ìwé dá ilé-iṣẹ́ láre. Ìbàdàn, níbi tí olè gbé ń jàre olóhun!

Tíṣà Mápó
Ó tì o. Ẹ̀rí àwọn ará àdúgbò ló wọ́. Ìyẹn ò ní kí ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù má lè jẹ́ òótọ́. Ẹni tó ní "mo ti rí àṣìrò nínú ọ̀rọ̀ ẹ, nítorí náà irọ́ lo pa" ti ṣe àṣìrò tiẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ nǹkan wọ̀nyí ló ń jìn sí i, wọ́n á máa fi ka ẹ̀sùn sí èèyàn lọ́rùn bíi ọlọ́pàá ojú pópó.

Nọ́ọ̀sì Yemẹ́tù
Ọmọ Akóbọ̀, mo ní ìbéèrè. Tí wọ́n bá mú iná lọ, kí ló ń gbé máàsì yẹn?

Ọmọ Akóbọ̀
Jẹnẹrétọ̀ ńlá kan ni mà, dísù ló ń mu. Wọ́n kọ ojú èéfín ẹ̀ sí fẹ́ńsì wa. Tí a bá sá aṣọ funfun sórí okùn, á ti ní àmì dúdú wínníwínní kó tó gbẹ. Ìyá ẹlẹ́kọ ní àkísà kan lọ́tọ̀ tí wọ́n fi ń nu orí ọmọrí ìkòkò kí wọ́n tó ṣí i. Lóru, gíláàsì fèrèsé wa á máa gbọ̀n.

Nọ́ọ̀sì Yemẹ́tù
Ṣé ẹ rí i báyìí? IARC kan náà tí Ẹlẹ́nu pè lẹ́rìí, ní oṣù kẹfà 2012, fi èéfín ẹ́ńjìnnì dísù sí ìpele 1, ibi tí sìgá wà. Ìyẹn ti kúrò ní "ó ṣeé ṣe." Wọ́n ti gbà pé ó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má wá lọ sọ ní Sátidé pé èéfín yẹn àti sìgá dọ́gba o! Bí ẹ̀rí ṣe dúró tó ni ìpele ń sọ, kì í ṣe bí ewu ṣe pọ̀ tó.

Gbogbo àdúgbò ń wo orí máàsì lókè, ohun tó ń wọ̀ wọ́n nímú wà nílẹ̀ nídìí fẹ́ńsì.

Ẹlẹ́nu Ṣóńṣó
Hẹn-ẹn. Àmọ́ ẹ jẹ́ n fi ọ̀pá yín nà yín. Àwọn tí kò fa èéfín dísù ń kọ́? Ṣé wọ́n béèrè tiwọn?

Nọ́ọ̀sì Yemẹ́tù
Ìbéèrè tó yẹ nìyẹn! Wọ́n béèrè. Lára ohun tí wọ́n gbé ìpinnu yẹn lé ni ìwádìí lórí àwọn awakùsà ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń bá ẹ́ńjìnnì dísù ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀ ilẹ̀. Wọ́n fi àwọn tó fa púpọ̀ wé àwọn tó fa díẹ̀, wọ́n sì yẹ ọ̀rọ̀ sìgá wò lọ́tọ̀ kó má baà jẹ́ pé sìgá ló ṣe é.

Lọ́yà Ìyágankú
Àbúrò, tó o bá dé ibẹ̀ ní Sátidé, má pe orúkọ àṣìrò kankan rárá. Tó o bá lè wo ojú alága láàrin àwọn àgbà Ìbàdàn, tó o ní "àṣìrò lẹ ṣe yẹn," ọjọ́ yẹn lo máa kó ẹrù kúrò nílé wọn. Kí wọn dáadáa, kó o ní: "Ẹ̀yin bàbá wa, ohun tó ń dùn yín ló ń dùn mí. Kí ilé-iṣẹ́ má baà rí ẹnu sọ sí wa, ẹ jẹ́ ká mú ohun tí wọn ò lè sẹ́." Kó o wá gbé ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ kalẹ̀. Òfin ti sọ bó ṣe yẹ kí máàsì jìnnà sí ilé gbígbé tó. Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò ojú èéfín, kẹ́ ẹ sì béèrè ìwé àṣẹ wọn. Jẹ́ kí alága buwọ́ lu lẹ́tà náà. Tó bá ti di tiẹ̀, kò ní rántí pé ayálégbé ló mú un wá.

Ọmọ Akóbọ̀
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an sà. Mo máa mú aṣọ funfun kan dání. Ohun tó kù ni téèpù, èyí tó gùn.

Ẹlẹ́nu Ṣóńṣó
Bíríkìlà ni mí, mo ní èyí tó gùn tó 50 mítà. Aago mélòó?

Ọmọ Akóbọ̀
Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sà, níwájú ilé alága.

Ìyá Aláṣọ Gbági
Ẹlẹ́nu, máa wọ̀n ọ́n o, má lọ bá wọn jà.

Dèrébà Ìwó Road
Mo lè gbé Ẹlẹ́nu láti Ìwó Road. Ta ló máa sanwó ọkọ̀?